Ṣé Kí N Pa EVELYN Rẹ́?

Yẹ́ẹ̀sì àbí Nóò? Ẹ̀rọ ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ìbéèrè ẹ̀ sáàárín ojú kọ̀ǹpútà, ó ń wò mí: EVELYN ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n fi tuntun yìí rọ́pò ẹ̀?

Rọ́pò Àǹtí Evelyn kẹ̀? Èmi Ọmọ́níkẹ́?

Ìka mi wà lórí máòsì, kò tẹ nǹkan kan. Lábẹ́ tábìlì, bátìrì ń ké — pí… pí… Nẹ́pà ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ wa sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Tí bátìrì yìí bá kú, gbogbo ohun tí mo ti ń ṣe láti àárọ̀ nìyẹn. Fótò ò lè sọnù, mo ti tọ́jú fótò. Àwọ̀ ni. Pupa tí mo fi kún ibí, àwọ̀ ewé tí mo yọ kúrò lọ́hùn-ún, dúdú tí mo jẹ́ kó jinlẹ̀ sí i lábẹ́ àgbọ̀n… àwọn àyípadà yẹn ni mi ò tíì tọ́jú. Mi ò sì lè ṣe irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ ara mi. Bí ọbẹ̀ ni, tí ẹni tó sè é ò wọn iyọ̀.

Tẹ ọ̀kan, Ọmọ́níkẹ́. Tẹ ọ̀kan.

Ẹni tó ni EVELYN ń bẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù fótò wa báyìí, lẹ́yìn pákó tó pín yàrá yìí sí méjì. Ọ̀gá mi ni, òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀. Òun àti ìyàwó tuntun yẹn, Tiwalọlá, tó wá gba fótò. Àǹtí tójú ẹ̀ ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, tí dókítà ti ní kó máa múra sílẹ̀… kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín tó báyẹn?

Obìnrin yìí! Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ló mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà yìí dé Ojú Ẹlẹ́gbà níbí, gbogbo ojú tó bá wọ inú ẹ̀, bí eérú ló ń jáde. Ẹni dúdú á jáde bí ẹni tára ẹ̀ ò yá. Ẹni pupa á jáde bí ẹni tí wọ́n da epo lé lórí. Àwọn tó tà á fún wa ní bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ká máa fara mọ́ ọn. Àǹtí ní rárá. Ó na ọwọ́ ara ẹ̀ sójú fèrèsé, sínú oòrùn, ó wò ó. Ó sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi pupa díẹ̀ sí i. Ó tún gba ojú fèrèsé lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń wò ó — fèrèsé, kọ̀ǹpútà, fèrèsé — bí ẹni tó ń pọnmi. Mo rò pé orí ẹ̀ ti fẹ́ máa dàrú. Àfi lọ́jọ́ tó pè mí, tó gbé ọwọ́ ẹ̀ lé ojú kọ̀ǹpútà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tó wà nínú fótò, tí mi ò mọ èyí tó ní egungun nínú.

“Ó yá, tọ́jú ẹ̀,” ló wí. “Kì í ṣe fótò o. Àwọ̀ yẹn gan-an, kó dá wà láyè ara ẹ̀, ká lè máa fi wọ ẹlòmíràn.”

“Kí la máa pè é, mà?” mo bi í.

“Ara ta la fi ṣe é?”

Bó ṣe di EVELYN nìyẹn. Látìgbà náà, mélòó la fẹ́ kà nínú ojú tó ti tipasẹ̀ ẹ̀ là ní Sùúrùlérè yìí? Arúgbó, ọmọ ọwọ́, àwọn tó ti kú tí ẹbí wọn gbé fótò wọn wá pẹ̀lú omi lójú…

Òun náà ni mo kọ́kọ́ dà lé Tiwalọlá lórí. Kò gbà. Inú gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ya fótò yẹn, lábẹ́ àwọn iná gbọọrọ tó ń tàn bí omi ewé, iná yẹn sì ti kó sí i lára. EVELYN ò mọ irú iná yẹn. Oòrùn ojú fèrèsé ló mọ̀. Obìnrin dúdú — dúdú tó ń dán, dúdú tí í wu èèyàn — ó jáde bí ewé tó ti rọ.

“Ẹ bá wa mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i.” Ìyá ọkọ ẹ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n jọ gbé e wá. “Ó dúdú jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi.” Tiwalọlá kàn ń fa okùn báàgì ẹ̀. Ìgbà tó dá padà wá lọ́jọ́ kejì ló tó dúró síwájú mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ mi ni kẹ́ ẹ fún mi.” Àwọn tó kọ́kọ́ bá a ṣe fótò ìgbéyàwó ẹ̀ ti bó o láwọ̀ dànù. Ó gbé tiwọn lọ fún bàbá ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ò jẹ́ kó lè wá síbi ìgbéyàwó náà. Bàbá wò ó, wò ó… “Ìyàwó yìí dára o. Ta ni?”

Ta ni. Bàbá tó bí i lọ́mọ.

Mi ò lè gbé ìyẹn kúrò lọ́kàn. Bó ṣe wọlé láàárọ̀ yìí, mo ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n wò ó. Ojú tì í. Mo ń wò ó ṣáá. Abẹ́ dúdú yẹn, pupa kan wà níbẹ̀, bí ẹ̀yinná tó fara pamọ́ sábẹ́ èédú. Mo sáré padà síbí. Mo yọ àwọ̀ ewé, mo fi pupa yẹn sí i, díẹ̀… díẹ̀ sí i… ó ti pọ̀jù, mo dín in… Òun nìyẹn! Ó ń wò mí láti inú kọ̀ǹpútà. Bàbá kankan ò ní béèrè ta ni mọ́.

Mo ní kí n tọ́jú ẹ̀. Torí pé orí EVELYN ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ wá bi mí bóyá kó pa á rẹ́.

Pí. Pí.

Tí mo bá tẹ Yẹ́ẹ̀sì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Orúkọ Àǹtí á ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ mi á wà lábẹ́ ẹ̀, màá lè máa bá kíkúnlẹ̀ mi lọ. Ṣebí ọ̀wọ̀ nìyẹn? Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó nà sínú oòrùn yẹn ńkọ́? Á lọ pátápátá, ojú Àǹtí ò sì lè ṣe òmíràn mọ́. Tí mo bá tẹ Nóò ńkọ́, tí mo fún un lórúkọ mìíràn… ta ni mí? Wọ́n á ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n tẹ̀ ti fẹ́ gba àga mọ́ ọ̀gá ẹ̀ lábẹ́ —

Àga.

Dúró ná. Ta ló fún mi ní àga yìí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú fótò ọmọdé kan tí mo ṣe, ó gbé e sún mọ́ imú bó ṣe máa ń ṣe báyìí, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. “Ọwọ́ mi kọ́ nìyí,” ló wí. Mo ti ń wá bí màá ṣe bẹ̀bẹ̀. Ó dìde, ó mú awò ojú ẹ̀ lórí tábìlì. “Èmi á máa dá àwọn kọsítọ́mà lóhùn níwájú. Jókòó síbí.” Mo ní ojú tó ń dùn ún ló lé e dìde. Gbogbo wa la sọ bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ sunkún fún un.

Báwo lẹni tí wọ́n lé dìde ṣe ń rẹ́rìn-ín báyìí?

Kì í ṣe ohun tí kò rí mọ́ ló gbé e dìde… Kì í ṣe ìyẹn rárá. Ohun tó rí ni. Pẹ̀lú ojú tó kù fún un yẹn, ó rí mi kí n tó rí ara mi.

Pí-pí-pí-pí —

Nóò. Mo tẹ Nóò. EVELYN wà níbi tó wà, mìmì kan ò mì ín. Ẹ̀rọ ní kí n fún tuntun lórúkọ. Kì í gbà ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ. T, I, W, A… L, O, L, A. Ó gbà á tán. Iná kékeré ara ẹ̀ ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, ó dúró. Ó ti wọlé.

Bátìrì kú. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Nẹ́pà ò tíì mú iná wá, Tiwalọlá á ṣì dúró díẹ̀ kó tó rí ara ẹ̀. Wọ́n tún ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn pákó.

Mo fẹ̀yìn ti àga. Ó gbà mí. Látọ̀sẹ̀ tó kọjá, etí ẹ̀ ni mo ń jókòó sí.