Èéfín Méjì ní Carrow

Tansy kì í gbó nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní ìwọ̀-oòrùn àwọn erékùṣù Falkland mọ ajá mi, wọ́n sì mọ̀ pé láti ọdún mọ́kànlá, ìjì ì báà máa jà, ajá mìíràn ì báà máa bú u láti èbúté, kò ní dáhùn. Wọ́n a ní ìwà àgbà ni. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́, mo sì mọ ọjọ́ náà.

Lẹ́tà, ìyẹ̀fun, tíì àti èèyàn ni mo ń fi ọkọ̀ ìgbòkun mi gbé kiri láti erékùṣù dé erékùṣù. Ní oṣù Keje, nígbà tí òtútù wa máa ń wọni dé mùdùnmúdùn, Effie Tarrant ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá gbé òun. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ oko àgùntàn ní Hollin Creek. Ní báyìí orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó ń lọ bá àbúrò rẹ̀ ní England. Ọkọ̀ ńlá yóò gbé e ní Port Merrin, kò sì ní padà wá. Ìrìn ọjọ́ kan ni láti Hollin Creek débẹ̀: èmi, òun àti ajá.

Irọ́ kan wà tí mo pa fún obìnrin yìí. Bí n kò bá sọ òtítọ́ kí ó tó bọ́ sílẹ̀ ní Port Merrin, n kò tún ní rí i sọ títí tí màá fi kú.

Lọ́dọ̀ wa, iná la fi ń kígbe. Kò sí wáyà tẹlifóònù tó dé àwọn erékùṣù kéékèèké. Bí o bá dá iná kan sórí òkè, ohun tí ò ń sọ ni pé kí ọkọ̀ tó bá ń kọjá yà, bóyá tíì ti tán nílé. Bí o bá dá méjì, ẹnìkan ń kú lọ nìyẹn, kí ẹni tó bá rí i wá lójú ẹsẹ̀. Iná méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ jìnnà síra, kí afẹ́fẹ́ má baà da èéfín wọn pọ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ ABD mọ èyí.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí a rẹ́ irun àgùntàn tán, mo ń lọ sí ìdíje àwọn ajá adaran ní Hollin Creek. Tansy kò ju ọmọ ọdún méjì lọ, kò sì sí ajá tó lè da àgùntàn bíi tirẹ̀ ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn. Odidi ọdún kan ni mo ti fi ń fọ́nnu nípa rẹ̀ nílé oníkálukú. A ń kọjá níwájú Carrow, níbi tí Effie àti Wilmot ọkọ rẹ̀ ń dá gbé pẹ̀lú àgùntàn wọn, nígbà tí Tansy lọ dúró sí iwájú ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí kùrukùrù bá bolẹ̀, imú rẹ̀ ló máa ń gbóòórùn èéfín ilé kí ojú mi tó rí i. Mo gbójú sókè. Èéfín méjì ni.

Mo fẹ́ kó yé yín dáadáa. Kò sí kùrukùrù lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ kò sì da nǹkan kan pọ̀. Méjì ni mo rí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí òpó méjì lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n omi ti fẹ́ yí padà. Bí mo bá yà, ìṣàn omi yóò há mi mọ́ Carrow di ọjọ́ kejì, ìdíje yóò sì ti parí. Mo sọ fún ara mi pé Effie fẹ́ràn ariwo. Mo ní bóyá iná pápá ni ìkejì. Tansy kò dákẹ́, ó ń wo erékùṣù, ó ń wo mí. Mo fi okùn di ẹnu rẹ̀, mo sì kọjá lọ.

Tansy gba ipò kìíní ní ìdíje náà. Dókítà ìjọba wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ló jókòó sí, ó ń bu bisikíìtì rẹ̀ fún ajá náà jẹ. N kò sọ nǹkan kan fún un.

Ọjọ́ kẹrin ni mo tó dé Carrow. Wilmot ti kú láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, inú rírun ló pa á. Iná méjèèjì ṣì ń jó lórí òkè. Effie ti fi ilẹ̀kùn, àga àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n jọ ń sùn bọ́ wọn kí wọ́n má baà kú. Ojú rẹ̀ dúdú, irun iwájú orí rẹ̀ ti jó. Ó di apá mi mú.

"Ansel, o kọjá níbí lọ́jọ́sí. Mo rí ìgbòkun ẹ. Mélòó lo rí?"

"Ìkan ni," mo ní.

Ó yíjú wo òkè títí. "Mo mọ̀," ló ní. "Mo dá wọn sún mọ́ra jù. Ó ń ké nínú ilé, mi ò lè lọ jìnnà sí i. Èmi ni mo pa á."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti la ẹnu. N kò là á. Mo mú ṣọ́bìrì, mo bá a gbẹ́ ilẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí ìyàwó tuntun kan tó ń lọ sí erékùṣù tí Effie kì í pè sẹ́yìn sítóòfù rẹ̀ kó sọ fún un pé, "Má ṣe bíi tèmi o. Ka ọgọ́rùn-ún, kí o tún fi ogún lé e. Èmi dá tèmi sún mọ́ra, mo fi pa ọkọ mi." Mo ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́, tí mo ń gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti ń sáré bọ̀ láti ọdún mọ́kànlá, mo sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ojú mi náà kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mo ń rí èéfín méjì ní ibi tí kò sí ilé, lórí àpáta tí ẹyẹ nìkan ń gbé, lọ́sàn-án gangan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń yà. Mo ti gun òkè erékùṣù mẹ́fà tí n kò bá ẹ̀dá kan níbẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo kọ́ ọgbọ́n. Bí mo bá ti rí i, mo máa ń wo Tansy. Bí kò bá gbé imú sókè, mo mọ̀ pé ojú tèmi nìkan ló rí i, màá sì kọjá. Ajá ni mo fi ń mọ ohun tó jẹ́ òótọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbéra ní Hollin Creek láàárọ̀ ọjọ́ náà. Yìnyín wẹ́wẹ́ ń já lu ìgbòkun, okùn gan paali lọ́wọ́ mi. Effie jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo orúnkún, Tansy sì sùn lé e lẹ́sẹ̀. Ajá náà ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ojú kan ti fọ́, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ansel, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ìyá bàbá ẹ lo fi lẹ ìgbòkun yìí ni?"

"Ìyá bàbá mi ò ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀, ìyáàfin."

"Gba búrẹ́dì. Má bi mí ohun tó wà nínú ẹ̀."

"Ẹran àgùntàn ni."

"Kí ni ì bá tún jẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bu tirẹ̀ fún ajá.

Mo sọ fún ara mi pé báyìí ni. Mo ní, "Ìyáàfin, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pẹ́." Ìgbì kan gorí ọkọ̀ wá, ó rin wá gbingbin, mo sì mú igbá, mo ń gbọ́n omi. Ká sòótọ́, inú mi dùn sí ìgbì náà. Nígbà tí mo tún jókòó, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi kọ̀wé pé gáàsì ni wọ́n fi ń dáná nílé òun. O kàn máa yí i ni. Inú mi dùn, Ansel. Mi ò tún ní fọwọ́ ara mi to iná mọ́ láyé mi."

Lẹ́yìn èyí, mo kọjú mọ́ ọwọ́ ìtọ́kọ̀, n kò sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ó di nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán kí a tó wọ ojú omi Carrow. Ibẹ̀ kò dára rí. Ìṣàn omi méjì ń pàdé níbẹ̀, wọ́n ń jà, ewéko òkun tó gùn ju òpó ìgbòkun lọ sì bo àwọn àpáta mọ́lẹ̀. N kò gbójú sókè. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọjá níbẹ̀ láìgbójú sókè. Ọwọ́ ìtọ́kọ̀ ni mo ń wò nígbà tí Tansy dìde. Ó rọra rìn lọ sí iwájú ọkọ̀, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Ó gbé imú sókè. Ó sì gbó.

Ohùn náà ti há, ó ti di ti arúgbó, ṣùgbọ́n ohùn ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn náà ni. Ó wo erékùṣù, ó wo mí, ó tún gbó.

Mo gbójú sókè. Wọ́n wà níbẹ̀, méjèèjì, lórí òkè kan náà. Mo kọ́kọ́ wo ajá gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ajá sì ń gbó. Ọkàn mi fò sókè, kì í ṣe ẹ̀rù, ayọ̀ ni. Mo ní ẹnìkan wà ní Carrow, ẹnìkan ń kú lọ, màá sì yà lọ́tẹ̀ yìí.

"Ìyáàfin," mo pariwo, "wọ́n dáná ní Carrow!"

Effie ti yí ara rẹ̀ padà, ó ń wo òkè náà. Kò yíjú sí mi.

"Mélòó lo rí?" ló ní.

"Méjì."

Ó wo òkè náà pẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu yìnyín kúrò lójú, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló wá wo mí.

"Ansel, kò sí iná kankan níbẹ̀."

Mo tún wò. Kò sí. Òkè ni, yìnyín ni, koríko gíga ni. Tansy ti dákẹ́, ó sì ti dùbúlẹ̀ sórí okùn.

Mo rí i tí ó ń rò ó, mo rí ibi tí èrò rẹ̀ já sí. "Méjì náà lo rí nígbà yẹn," ló ní. Kò béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Yà."

Mo yà. Mo gbé e kọjá ewéko òkun dé etí omi, ara rẹ̀ le gbagidi lápá mi. Kò tún dé ibẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti sin Wilmot. Òrùlé ilé ti wó. Ó kọjá ilé, ó kọjá sàréè, ó gun òkè lọ, ajá ń tẹ̀ lé e, èmi ń tẹ̀ lé ajá. Àpá iná méjèèjì ṣì wà nílẹ̀. Iná ti jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ jinlẹ̀, koríko kò sì hù síbẹ̀ mọ́.

Ó dúró lórí àpá kìíní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń kà á sókè. Orúnkún ń dùn ún, mo ń gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe na ọwọ́ sí i, ó gbá a dànù. Ó dé àpá kejì.

"Méjìdínlọ́gọ́fà," ló ní. "Orúnkún ń gé ìṣísẹ̀ mi kúrú. Yọ méjìdínlógún kúrò fún un. Ó ku ọgọ́rùn-ún géérégé."

Ó jókòó sílẹ̀ nínú yìnyín.

"Ká ní o yà ńkọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti ìdíje, mo sọ ti okùn tí mo fi di ẹnu ajá, mo sọ ti dókítà àti bisikíìtì rẹ̀. Mo ní ǹ bá ti gbé Wilmot dé ọ̀dọ̀ dókítà náà lọ́jọ́ kejì, odidi ọjọ́ kan ṣáájú ikú rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń sunkún, ó sì ń bí mi nínú pé mò ń sunkún níwájú rẹ̀.

Kò sunkún ní tirẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń pa á," ló ní. "Mo jí láràárọ̀, mo pa á. Mo gbé ìkòkò kaná, mo pa á. O sì ń jókòó níbẹ̀, ò ń mu tíì mi."

Mo gbé e padà sínú ọkọ̀.

A dé Port Merrin kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo gbé àpótí rẹ̀ sórí èbúté. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa Tansy lórí, ó sọ nǹkan kan fún un létí. Lẹ́yìn náà ló na ara rẹ̀.

"Gbogbo ilé tí mo ti parọ́ mọ́ ara mi, wàá débẹ̀. Wàá sọ iye tí o rí. Wàá sọ iye ìṣísẹ̀ tí ó jẹ́."

Ilé mọ́kànlélógún ni. Mo ti dé gbogbo wọn. Àwọn kan kò jẹ́ kí n parí rẹ̀ tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn fún mi pé kí n máa lọ. Àwọn kan kò gba lẹ́tà lọ́wọ́ mi mọ́, ọmọ wọn ni wọ́n ń rán wá sí etí omi. Ẹjọ́ mi ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí nítorí àwọn tí yóò dé lẹ́yìn tí n kò bá sí mọ́.

Mo ti rò pé bí mo bá jẹ́wọ́, èéfín náà yóò fi mí sílẹ̀. Kò fi mí sílẹ̀. Tansy kú kí òjò yìnyín ọdún náà tó dá, n kò sì ní ajá mìíràn. Nítorí náà, ibi yòówù tí mo bá ti rí èéfín méjì, mo máa ń yà.