Sóyà Lórí Ilẹ̀ Tí A Ò Tú

Ogójì ọdún ni Bàbá Wẹ́dà fi jó irin kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹ̀rọ oko tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé àkọ́bí òun obìnrin fẹ́ gbin sóyà láìtúlẹ̀ rárá, ó gbé àga jáde sẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ oko sí.

"Sóyà lo fẹ́ gbìn ni, àbí o kàn ń fọwọ́ sọ̀yà?"

"Méjèèjì ni, Bàbá mi."

Abẹ́ ẹ̀rọ ìgbìn ni ọmọ ti dáhùn, níbi tó sùn gbalaja sí pẹ̀lú sípánà. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́ lóko olóko kó tó wá gba ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ti gbé lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú, lé irin ìbú tó so ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ẹ̀rọ náà pọ̀: kò gbé imú sókè, kò sì dorí kodò. Ó ti fi wáyà yọ ilé ẹrẹ̀ tí kòkòrò mọ sínú ọ̀pá tí irúgbìn ń gbà bọ́.

"Ẹni tó bá túlẹ̀ nísinsìnyí, Bàbá, oòrùn ló gbé omi ilẹ̀ rẹ̀ fún."

"Hùn," ni bàbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dé oko. Pòròpórò àgbàdo èṣí bo ilẹ̀ bí ẹní. Ọmọ fi katakata fa ẹ̀rọ ìgbìn bí ogún ìṣísẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀bẹ wú ilẹ̀ wò. Ojú rẹ̀ fà ro. Abẹ ẹ̀rọ náà kò gé pòròpórò. Ńṣe ló tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò, irúgbìn sì jókòó lé e lórí bí àlejò lórí tìmùtìmù, kò kan ilẹ̀.

Ó fún sìpíríǹgì le kí abẹ lè tẹlẹ̀ sí i. Ó tún wà á. Bákan náà ni.

"Dúró ná." Bàbá kúnlẹ̀, ó ti páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ àárín abẹ roboto méjì tó ń la ilẹ̀. Páálí náà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ó yẹ kí wọ́n máa fẹnu kan ara wọn níbí. Wọ́n ti jẹ nítorí ìlò. Agbára kọ́ ni wọn ò ní, ẹnu ni."

Ọ̀rọ̀ náà ta ọmọ lára díẹ̀. "Mo rí i pé wọ́n ń jẹ. Mo rò pé wọ́n á lo ọdún yìí já ni. Tuntun wà ní ṣẹ́ẹ̀dì."

"Kí la wá ń wò?"

Wọ́n kó tuntun wá, wọ́n pààrọ̀ abẹ méjèèjìlá, méjì fún ìlà kọ̀ọ̀kan, bàbá ń di nọ́ọ̀tì, ọmọ ń yẹ àlàfo wò. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọmọ tún gbìn, ó tún wú ilẹ̀. Pòròpórò ti gé. Irúgbìn wọlẹ̀ ní ìka méjì, nínú ilẹ̀ tútù. Kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn sì ti pa ihò dé.

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́," ni bàbá wí.

Kílẹ̀ tó ṣú, ọmọ ti gbin gbogbo oko náà tán.

Ní ọjọ́ keje, aládùúgbò kan dúró lẹ́bàá oko, ó ní ọ̀lẹ ni kì í túlẹ̀. Bàbá Wẹ́dà ló dá a lóhùn. Ó fà á lọ́wọ́ dé àárín ìlà, níbi tí sóyà ti ń yọrí láàárín pòròpórò, ó ní kó ki ìka bọlẹ̀.

"Ó mà tutù o," ni aládùúgbò wí. "Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Ọmọ mi ni kó o bi," ni bàbá, ó tọ́ka sí katakata tó ń dún lórí ilẹ̀ kejì tí ọmọ ń gbìn lọ́wọ́. "Àmọ́ jẹ́ kó parí ìyẹn ná."