Ajá Ojú Ìsọdá Kẹfà

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń pariwo mọ́ àwọn tó ń mú ajá wá wo ìdíje ẹlẹ́ṣin ní ọgbà Merrow, mi ò sì ní parọ́ fún yín, ó máa ń dùn mọ́ mi. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró sí ojú ìsọdá kẹfà, níbi tí àwọn òǹwòran ti ń gba orí ipa ẹṣin kọjá sí òdì kejì. Bí ẹṣin bá ń bọ̀, màá fọn fèrè, màá fa okùn dí ọ̀nà, gbogbo èèyàn á sì dúró títí ẹṣin á fi kọjá. Wọn kì í sanwó fún wa. Oúnjẹ ọ̀sán inú páálí, aṣọ pupa tí a ń so mọ́ apá, àti àyè láti pàṣẹ fún àwọn tí kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún nílé wọn, ìyẹn ti tó mi.

Nínú gbogbo òfin wa, ti ajá ni mo fẹ́ràn jù. Ajá tí wọn ò bá so kò gbọdọ̀ wọ ọgbà. Àwa tí a sì ń ṣiṣẹ́, a kò tilẹ̀ gbọdọ̀ mú ajá wá rárá, ìbáà jẹ́ èyí tí a so.

Sátidé ni ọjọ́ tí gbogbo ayé ń tìtorí ẹ̀ wá, ọjọ́ tí ẹṣin ń sá gba inú pápá ní máìlì mẹ́rin, tí wọ́n ń fo gẹ̀dú, kòtò àti omi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan mú ajá dúdú ńlá kan dé ọ̀dọ̀ mi, okùn ajá ń wọ́ nílẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ di okùn ajá yín mú."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í bu èèyàn jẹ."

"Ṣé mo bi yín bóyá ó ń bu èèyàn jẹ? Bí ẹṣin bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣà á sínú ọ̀rá lọ sílé."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún un kí a tó kúrò nílé. Ẹ bá mi bá a wí dáadáa, Màmá, kì í gbọ́ tèmi."

Ojú ti ọkùnrin náà, ó wé okùn mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kọjá. Orí mi wú. Mo wo yíká bóyá àwọn tó kù rí i.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé Mungo, ajá tèmi, wà nínú ọkọ̀ mi lẹ́yìn àwọn igi. Ẹni tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ti rìnrìn àjò, mo sì sọ fún ara mi pé ajá kékeré bí èyí, tó ti darúgbó, ta ló máa dí lọ́wọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hu nínú ọkọ̀. Mo lọ mú un wá, mo fi okùn tí wọ́n fi ń di koríko ẹṣin so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga mi, mo sì da ẹ̀wù òjò mi bò ó. Bí ẹni bá ń kọjá, màá na ẹsẹ̀ síwájú ajá náà kí wọ́n má bàa rí i. Inú mi tilẹ̀ ń dùn sí ọgbọ́n tí mo dá.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì, ó sì le. Àwọn òǹwòran sá wọ àgọ́ ọlọ́tí, àwọn tó kù sì lọ síbi adágún omi, nítorí ibẹ̀ ni ẹlẹ́ṣin ti ń ṣubú, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sì wá wò nìyẹn bí wọn ò tilẹ̀ ní jẹ́wọ́. Ó wá ku èmi nìkan lójú ìsọdá kẹfà.

Ìgbà yẹn ni gbohùngbohùn kéde pé Rowena Tull ti gbéra.

Ọmọ aládùúgbò mi ni Rowena, ọgbà kan ló pín ilé wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá àwọn àgbà ẹlẹ́ṣin díje nìyí. Ọdún mẹ́fà ló fi tọ́ ẹṣin tó ń gùn, Quillon, láti ìgbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè jókòó lórí gàárì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ín. Ọ̀gbẹ́ni Lathbury ló ni ín, kò sì fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa: bí ẹṣin náà bá fo gbogbo ìdènà lọ́jọ́ Sátidé láìkọ ọ̀kan, Rowena á máa gùn ún lọ, bó bá kọ ọ̀kan péré, òun á tà á fún ẹlẹ́ṣin ará Faransé kan tó ti ń dúró dè é. Gbogbo wa la mọ̀. Mo ti gbàdúrà fún ọmọ náà láàárọ̀ yẹn pàápàá.

Ìdènà kẹtàdínlógún kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tí mo wà. Ọgbà ewéko gíga ni, ipa ẹṣin sì yí kọ́nà kan lábẹ́ igi kó tó dé ibẹ̀. Àwọn adájọ́ méjì tó ń ṣọ́ ọ jókòó sínú ọkọ̀ ní òdì kejì nítorí òjò. Wọ́n ń rí ìdènà, wọn ò rí kọ́nà.

Mo fọn fèrè bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, mo sì dìde kúrò lórí àga láti wo ọmọ wa dáadáa. Bí mo ṣe dìde báyìí, ehoro kan já láti inú koríko. Mungo fà, àga ṣubú, okùn bọ́ lẹ́sẹ̀ àga, ajá mi sì gba abẹ́ okùn ìdínà bọ́ sójú ipa, ó lé ehoro náà dé kọ́nà.

Ẹṣin náà ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ìdènà. Ó rí ajá, ó yà bàrà sí òsì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìdènà kọjá. Ẹsẹ̀ Rowena kan yọ, ó dì mọ́ ọrùn ẹṣin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ó tún ara ṣe, ó fa ìjánu, ó yí ẹṣin padà, ó wá fo ìdènà náà, ó sì lọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Mungo padà wá bá mi pẹ̀lú ahọ́n níta, inú rẹ̀ ń dùn.

Mo gbé e, mo sáré lọ jù ú sínú ọkọ̀, mo da aṣọ bò ó, mo ti ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn bó ṣe rí. Kì í ṣe Rowena. Ọkùnrin tó ni ajá dúdú yẹn ni mo ń rò, àti ìyàwó rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe máa rẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì mí délẹ̀ tí rédíò ọwọ́ mi fi sọ̀rọ̀. Desmond Vyner ni, ọ̀gá gbogbo àwa tó ń ṣọ́ ojú ìsọdá.

"Hester, ṣé o ń gbọ́ mi? Ọmọ Tull yẹn ti parí. Ó ní ajá kan gba iwájú òun ní ìdènà kẹtàdínlógún. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ò rí ajá. Kámẹ́rà wà níbi omi. Ìwọ ńkọ́?"

"Ajá kẹ̀? Mi ò rí ajá kankan."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Desmond, èmi ni ajá máa wá gba ojú mi kọjá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó parí nìyẹn. Bí Hester bá ní kò sí ajá, kò sí ajá."

Gbogbo àwa tó ní rédíò lọ́wọ́ la gbọ́ ọ. Ẹnì kan láti ojú ìsọdá kejì dá sí i pé, "Àní bí ajá bá rí Hester, òun fúnra rẹ̀ á lọ wá okùn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín sínú rédíò, mo sì jókòó sórí àga tó ti kún fún omi.

Ìgbà tí mo jókòó ni ohun tí mo ṣe tó yé mi. Ogún máàkì ìjìyà ni wọ́n máa kọ sí ọmọ náà lórí pé ẹṣin kọ ìdènà, nítorí bí ẹṣin bá yà fún ìdènà, kíkọ̀ ni wọ́n ń kà á sí. Ṣùgbọ́n òfin sọ pé bí nǹkan òde bá dí ẹlẹ́ṣin lọ́wọ́, tí ẹlẹ́rìí sì wà, àwọn adájọ́ àgbà lè yọ ọ́ kúrò. Ẹlẹ́rìí kan péré. Wọ́n máa lẹ èsì mọ́ pátákó ní aago márùn-ún, ẹni tó bá ní ẹjọ́ sì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti rò ó. Láti aago méjì àbọ̀ títí di márùn-ún ni mo fi ń fọn fèrè fún àwọn ẹṣin yòókù, mi ò lè sọ fún yín ẹṣin wo ló kọjá.

Bí aago márùn-ún ti lù, mo gbéra lọ sí àgọ́ àwọn adájọ́. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo yà ra tíì tí òùngbẹ rẹ̀ kò gbẹ mí. Àwọn obìnrin méjì tí mo mọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì dúró síbẹ̀, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀.

"Wọ́n ní ọmọ Tull ń pe ajá ní ẹlẹ́rìí," ni ọ̀kan wí.

"Gbogbo wọn ló máa ń rí ajá tí ẹṣin bá ti kọ̀. Ẹ̀rù ló ba ọmọ yẹn. Kó sọ pé ẹ̀rù ba òun, kí ló dé?"

"Hester ló wà níbẹ̀, ẹ bi í. Hester, ìwọ lo wà níbẹ̀, àbí?"

"Èmi ni," ni mo wí. Mo gbé tíì sẹ́nu, ó bó mi láhọ́n. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú wọn, wọ́n sì rò pé òtútù ló mú mi. Wọ́n ní kí n lọ wá aṣọ gbígbẹ wọ̀.

Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ àgọ́, ó ku ìṣẹ́jú méjìlá. Mo dúró lẹ́yìn aṣọ àgọ́, mo ń ka ohun tí mo máa sọ: ajá mi ni, mo parọ́, ẹ dá máàkì rẹ̀ padà. Kò ṣòro. Ọmọ kékeré lè sọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú.

"Ọmọ mi, láìsí ẹlẹ́rìí, kò sí ohun tí a lè ṣe. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn ò rí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sí i." Ohùn Rowena nìyẹn.

"Ta lò ń dúró dè?"

"Ẹnì kan ni, sà. Ó lè máa bọ̀."

Mo rò pé Lathbury ló ń dúró dè. Ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti wọlé. Mo rántí pé Mungo ti wà nínú ọkọ̀ láti aago méjì àbọ̀ láìmu omi, mo sì sọ fún ara mi pé kí n lọ fún un lómi ná, màá padà wá. Ẹ wo irú irọ́ tí èèyàn ń pa fún ara rẹ̀. Mo fún un lómi. Mo jókòó tì í. Mo ń wo aago ọwọ́ mi títí ó fi di márùn-ún ààbọ̀, gbohùngbohùn sì kéde pé èsì ọjọ́ náà ti di àṣẹ.

Ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, mo wá lọ bá a lẹ́yìn ọkọ̀ ẹṣin wọn. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń wé aṣọ tútù mọ́ ẹsẹ̀ Quillon. Kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Rowena," ni mo wí, "Mungo ni."

Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀, Àǹtí."

"O mọ̀?"

"Ṣé mi ò ní mọ Mungo ni? Nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣẹ́, ta ló ń mú un rìn láràárọ̀?"

"Kí ló wá dé tí o ò dárúkọ mi fún wọn?"

Ó wé aṣọ náà tán, ó dì í, ó tún lọ sí ẹsẹ̀ kejì. "Wọ́n bi mí pé ajá ta ni. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sí ajá, mo ní bóyá òjò ni kò jẹ́ kí ẹ rí i. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ló máa fi yín sùn. Mo mọ̀ pé ẹ máa wá sọ ọ́ fúnra yín."

Mo ní kí n lọ bá Lathbury ní ìsinsìnyí, kí n sọ fún un pé ẹṣin rẹ̀ kò kọ ohunkóhun.

"Ó ti fọwọ́ síwèé, Àǹtí. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa wá mú un. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró di aago márùn-ún ààbọ̀, ó sì dúró." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Mo rí bàtà yín lábẹ́ aṣọ àgọ́. Mo ti fa àga kan sún mọ́ mi fún yín."

Mo ní kó bú mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bú mi. Ó ní ó ti rẹ òun. Ó gbé garawa, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ pọn omi fún ẹṣin náà, ó sì kí mi pé ó dàárọ̀ o, Àǹtí, bó ṣe máa ń kí mi láti kékeré.