Tìrélà Tó Ń Ṣẹ́jú Sódì

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé káfíńtà náà kì í bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá ṣìnà, ọ̀nà ló yí padà. Bí ilẹ̀kùn tó kàn kò bá wọ férémù, ògiri ni kò dúró dáadáa. Ìyàwó rẹ̀, tó ti bá a gbé fún ọdún mọ́kàndínlógún, máa ń sọ pé Ọlọ́run nìkan ni ọkọ òun kò tíì bá jiyàn, bóyá nítorí pé wọn kò tíì pàdé.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, ọlọ́gbọ́n yìí so tìrélà rẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Tìrélà kékeré ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, èyí tó fi ń kó bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù lọ fún àwọn oníbàárà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó ti ha gbogbo ìpẹtà ara rẹ̀ kúrò, ó sì fi ọ̀dà búlúù kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, títí tó fi ń dán bí ojú omi. Ohun tó fẹ́ fi gbé ní Sátidé ni bẹ́ẹ̀dì ìyá ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún Ìyá ní ìbàdí, dókítà sì ní wọn kò gbọdọ̀ sùn sórí ohun tó lọ sílẹ̀ mọ́. Káfíńtà fi igi gidi kan bẹ́ẹ̀dì náà, ó gbé e ga, ó sì fi ibi ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ká sọ tòótọ́, bẹ́ẹ̀dì náà dára. Iná ẹ̀yìn tìrélà ni kò dára.

Ó tẹ bíréèkì, ó ní kí ìyàwó òun wo ẹ̀yìn. Ìyàwó ní kò sí iná bíréèkì kankan, pé tràfíkétọ̀ apá òsì ló ń tàn bàìbàì. Ó sún tràfíkétọ̀ sí ọ̀tún, iná méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú pọ̀ bí ẹni tí iyanrìn bọ́ sí lójú. Ó tan iná iwájú, gbogbo ẹ̀yìn kú pátápátá.

"Gílóòbù ni," ni káfíńtà wí.

Ó lọ ra gílóòbù mẹ́fà. Àwọn tuntun náà ṣe gẹ́lẹ́ bí àwọn ti àtijọ́ ti ń ṣe, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ ṣèpàdé. Ó ní a jẹ́ pé fíúsì ọkọ̀ ni. Kò sí ohun tó ṣe fíúsì, ṣùgbọ́n ó pààrọ̀ rẹ̀, kó má baà dà bíi pé ó ṣì í sọ. Ní Tọ́sìdeè, ó fa gbogbo wáyà ìsàlẹ̀ tìrélà tu, ó ra òmíràn, ó sì tò ó láti orí púlọ́ọ̀gì tó fi ń so mọ́ ọkọ̀ títí dé ìdí iná. Ó gbà á ní odindi ọjọ́ kan. Nígbà tó tẹ bíréèkì, tràfíkétọ̀ òsì ló tàn. Ó kéré tán, ìwà tìrélà náà kò yí padà. Èèyàn mélòó la lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn?

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà dùn ni pé àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, rẹ́wáyà ni. Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ló ń ṣe jẹun, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì ju òpópónà méjì lọ sí ilé wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí ọmọbìnrin náà ní iṣẹ́ yìí lòun fẹ́ kọ́, káfíńtà dìde láàárín ẹbí, ó ní obìnrin tó bá ń wọ abẹ́ ọkọ̀, abẹ́ ọkọ̀ náà ni yóò gbó sí. Ó sọ ọ́ bí òwe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àgbà kankan tó gbọ́ ọ rí. Àbúrò lọ kọ́ṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà, bí wáyà bá já nínú ọkọ̀ káfíńtà, òdìkejì ìlú ló máa ń gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti ń dá a dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn náà kúkú jẹ́ ìsinmi.

Láàárọ̀ Fúráìdeè, ìyàwó kò bá a jiyàn. Ó kàn gbé fóònù sétí ní kọ́rídọ̀, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí àbúrò fi yọ, àpò irinṣẹ́ ní èjìká. Ó kí bọ̀ọ̀dá rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun ń kọjá lọ ni. Òpópónà tí kò já síbì kankan ni ilé wọn wà o, ṣùgbọ́n ó ń kọjá lọ.

Káfíńtà ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àbúrò wo wáyà àtijọ́ tó kójọ sílẹ̀ bí ìfun ewúrẹ́, ó ní òun náà rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun fojú kan ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ná.

Ó yọ púlọ́ọ̀gì tìrélà. Ó mú tẹ́sítà rẹ̀ jáde, gílóòbù kékeré kan tó ní wáyà méjì, ó sì ń fi kan ihò inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí káfíńtà ti ń tẹ èyí tó bá ní kó tẹ̀. Bíréèkì tàn níbi bíréèkì. Òsì tàn ní òsì, ọ̀tún tàn ní ọ̀tún. Ó ní ara ọkọ̀ le, tìrélà ló ń ṣàìsàn. Káfíńtà ní òun ti mọ ìyẹn láti Wẹ́sìdeè. Àbúrò kò bi í pé kí ló wá dé tó fi pààrọ̀ fíúsì ọkọ̀.

Ó dá púlọ́ọ̀gì padà. Ó fi wáyà gígùn kan so mọ́ irin ìdí ọkọ̀, ó fà á dé ẹ̀yìn tìrélà, ó sì fi ẹnu rẹ̀ kejì kan irin tí wọ́n de iná mọ́. Ó ní kí bọ̀ọ̀dá tẹ bíréèkì. Iná bíréèkì méjèèjì tàn yòò. Ó gbé wáyà kúrò, òsì bẹ̀rẹ̀ wèrè rẹ̀. Ó dá a padà, yòò. Káfíńtà ń wò ó nínú dígí.

Àbúrò sùn sábẹ́ tìrélà, ó tọ wáyà funfun kan lọ títí dé ibi tí bóòtù ti dè é mọ́ irin níwájú. Ó fi èékánná ha ibẹ̀ wò.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló kun ọ̀dà yìí?"

Inú káfíńtà dùn pé wọ́n bèèrè ohun tó mọ̀. "Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùn ún. Àbí kò dán?"

"Ó dán, ẹ kú iṣẹ́. Ó dán débi pé iná ò rí inú ẹ̀ gbà kọjá."

Ó ṣàlàyé láti abẹ́ ibẹ̀ pé iná tó bá jáde nílé, ìyẹn bátìrì, gbọ́dọ̀ rọ́nà padà sílé, irin tìrélà sì ni ọ̀nà rẹ̀. Wáyà tó yẹ kó fara kan irin jókòó sórí ọ̀dà bí ọba lórí tìmùtìmù. Nígbà tí iná kò rọ́nà, ó wá ń gba ilé aládùúgbò kọjá, ìdí nìyẹn tí bíréèkì fi ń lọ jí tràfíkétọ̀ tó ń sùn.

Káfíńtà sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, òun náà wọ abẹ́ tìrélà. Ó gba sánpépà lọ́wọ́ àbúrò, ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn. Ó ha ọ̀dà tó fi odindi ọ̀sẹ̀ kùn kúrò níbi tí àbúrò ti tú bóòtù, títí irin fi funfun. Àbúrò de bóòtù padà, ó fi gíríìsì díẹ̀ sí i kó má baà dípẹtà. Wọ́n dán gbogbo iná wò. Kò sí èyí tó ṣìwà hù.

Ó yẹ kó dúpẹ́. Ohun tó sọ ni pé òun náà ti ń fura sí bóòtù yẹn. Ìyàwó rẹ̀ fèsì láti ojú fèrèsé pé òótọ́ ni, ó ti ń fura sí i látìgbà tó ti lọ ra gílóòbù.

Ní Sátidé, wọ́n de bẹ́ẹ̀dì mọ́ tìrélà. Ìyàwó ti lọ ṣáájú láti tún yàrá ṣe, káfíńtà sì ní kí àbúrò bá òun lọ, nítorí okùn. Wọ́n dúró níbi iná pupa kan. Káfíńtà ń wo iwájú gan-an.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa iṣẹ́ rẹ nígbà yẹn," ló wí, "kò bójú mu. Mo ṣì í sọ."

Ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún un ju kíkan bẹ́ẹ̀dì lọ. Àbúrò ní òun ti gbọ́, kí wọ́n máa lọ, iná ti di àwọ̀ ewé.

Nílé Ìyá, wọ́n to bẹ́ẹ̀dì náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìyá jókòó sórí rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì kanlẹ̀. Wọ́n di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n sì dìde fúnra wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n tún jókòó, wọ́n tún dìde. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, àwọn ọmọ wọn obìnrin méjèèjì ní kí wọ́n sinmi. Ìyá ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀.