Ọwọ́ Òsì Moṣọpẹ́

"Má mira o, Moṣọpẹ́! Mo ti ń mú nọ́ọ̀tì bọ̀."

Ọ̀gá Simeon ló ń sọ̀rọ̀. Moṣọpẹ́ ò tiẹ̀ mí. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé kámẹ́rà náà dúró nínú ihò tí wọ́n máa dè é mọ́ lára sátẹ́láìtì. Òsì rẹ̀ ṣófo, ó ń retí nọ́ọ̀tì, irin kékeré tí wọ́n máa fi dè é. Kámẹ́rà kan ṣoṣo tí iléeṣẹ́ wọn ní Ìjagun ní nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn tó máa gbé sátẹ́láìtì náà lọ sókè òkun á dé, wọn ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ má rò pé wọn ò múra sílẹ̀ o. Láti ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ti fi pákó ṣe èyí tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, sátẹ́láìtì onípákó, kámẹ́rà onípákó, gígùn àti fífẹ̀ wọn jẹ́ ọgbọọgba pẹ̀lú ojúlówó. Òun ni wọ́n fi ń dánra wò. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá Simeon na nọ́ọ̀tì sí Moṣọpẹ́, òsì ló fi gbà á, bí iṣẹ́ náà ṣe fẹ́. Bàbá fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Háà! Òsì lo fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi? Èmi tí èmi àti bàbá ẹ jọ lọ sílé ìwé? Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ n'Ímùṣin nìyẹn?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ ọlọ́mọ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá bá ti nawọ́, Moṣọpẹ́ á fi kámẹ́rà sílẹ̀, á fi ọ̀tún gbà á. Kò sí wàhálà. Pákó fúyẹ́, ó sì máa ń há síbẹ̀.

"Òun rèé, gbà." Ojúlówó kámẹ́rà ni tòní.

Moṣọpẹ́ mọ̀ pé òsì ni. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Àmọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló lọ.

Irin kì í há bíi pákó. Kámẹ́rà yọ̀, ó balẹ̀, gíláàsì rẹ̀ fọ́ yángáyángá.

"Yéè! Mo gbé!" Moṣọpẹ́ wólẹ̀ lórí eékún. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí."

Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èyí, agbè gan-an ló fọ́, ta lèèyàn fẹ́ bínú sí? Nọ́ọ̀tì ṣì wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Simeon, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Dìde," ó wí nígbẹ̀yìn. Ó fa sátẹ́láìtì onípákó súnmọ́ wọn. Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. "Fi òsì gbà á, ọmọ mi. Èmi ni mo ní kí o fi òsì gbà á."

Moṣọpẹ́ gbé kámẹ́rà onípákó sínú ihò. Bàbá nawọ́.

Ọ̀tún náà ló tún lọ.