Ohùn Láti Ẹnubodè

Inú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà ni ọ̀gá wa ti dá ilé-iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn tó ń bá ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Àwọn akọ̀ròyìn á ka ìròyìn sí mi létí lórí tẹlifóònù, èmi á fẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá á tà á fáwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tí kò lágbára láti rán èèyàn lọ síbi gbogbo. Torí pé tẹlifóònù ò ju ẹyọ kan lọ, òfin ọ̀gá ò ní àbùlà: ìròyìn nìkan, ẹ má kíra yín.

Bí mo ṣe mọ Bọ̀dá Ẹnubodè nìyẹn, akọ̀ròyìn wa tó wà níbi tí ilẹ̀ wa parí sí. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ohùn tó máa ń rọra lọ sílẹ̀ bí ìròyìn bá burú. Kọ́mà pàápàá, ó máa ń pè é fún mi. Ó mọ́ mi lára débi pé mo sọ fún ìyá mi nílé pé, "Mo ti yó kọ́mà ẹ ṣeun." Wọ́n ní kí n tètè lọ́kọ kórí mi tó dàrú. Wọn ò mọ̀ pé ọkàn mi ti lọ sẹ́nubodè tipẹ́. Bí kò bá pè lọ́jọ́ kan, àárò rẹ̀ á máa sọ mí, ẹni tí mi ò rí sójú rí.

Nígbà tó yá, a kó lọ sílé alájà mẹ́rin, kọ̀ǹpútà dé. Ọ̀gá ní láti ọjọ́ Ajé, kí akọ̀ròyìn kálukú máa fọwọ́ ara rẹ̀ fìròyìn ránṣẹ́, kí èmi lọ máa gbàlejò nísàlẹ̀. Gbogbo wọn ń bá mi yọ̀ pé mo bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Inú ń bí mi. Mi ò ní gbọ́ ohùn yẹn mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Bọ̀dá pè. Ìròyìn afárá tuntun ló ń kà. Ó sọ àwọ̀ ọ̀dà ara rẹ̀, ó sọ irú bàtà tẹ́ni tó ṣí i wọ̀, ó tún ń pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ tọ́mọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n ní kó gé e kúrú. Mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ ní tèmi.

"Ó parí, Sìsí," ó wí níkẹyìn. "Bá mi kà á padà."

Mo fara balẹ̀ kà á. Kò ṣàtúnṣe kankan.

"Ó ku nǹkan kan," ó ní, "àmọ́ kì í ṣe ìròyìn."

Ọ̀gá tó ń kọjá lọ dúró sẹ́yìn mi.

"Ẹ máa wí, Bọ̀dá," mo dáhùn. "Mo ti gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ."