Ọṣẹ Ọjọ́ Méje

Nígbà tí ọlọ́ṣẹ kan tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi dá owó lé ọṣẹ ìfárùngbọ̀n kan ṣoṣo, ẹnu mi ò tètè padé. Mo lè fi owó yẹn ra mẹ́wàá nínú èyí tí mò ń lò! Inú àwo onígi kékeré ló wà, mi ò sì gbọ́ orúkọ tó wà lára rẹ̀ rí.

"Ta ló mọ ọṣẹ yìí?"

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í pariwo," ló dáhùn. "Ọ̀gá, abẹ á kàn máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀ ni. Ẹ lò ó wò fún ọjọ́ méje, mò ń padà bọ̀."

Gbólóhùn "fúnra rẹ̀" yẹn ló mú mi. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fá irùngbọ̀n fún àwọn èèyàn, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbọ̀n. Mo ti gé oníbàárà méjì. Tí mo bá gé ẹnì kẹta, ṣọ́ọ̀bù ti di títì nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi.

Lọ́dọ̀ mi, ọṣẹ tuntun ò gbọdọ̀ kan ojú oníbàárà àfi tí mo bá ti fi fá tèmi fún ọjọ́ méje. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ìyàwó mi gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ mi níwájú dígí, ó fara tì mí, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi.

"Ẹ jẹ́ n rí ọṣẹ olówó gọbọi yìí."

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì pò ó. Háà! Ó hó, ó nípọn, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn. Ojú mi rọra ń padé. Mo rí ìyá mi tó ń sá aṣọ funfun, èmi kékeré ń sáré kọjá lábẹ́ wọn, omi ń kán sí mi lọ́rùn, oòrùn ń gba inú aṣọ wọlé. Nígbà tí mo lajú, mo ti fárùngbọ̀n tán. Kò sí ẹ̀jẹ̀.

Báyìí la ṣe ń ṣe é láràárọ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo jẹ́ kó wà lójú mi títí omi fi hó lórí sítóòfù, kò gbẹ. Lọ́jọ́ karùn-ún ara ò yún mi. Ọṣẹ tó lè wo ọwọ́ sàn rèé! Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin.

Lọ́jọ́ keje, ọlọ́ṣẹ kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi dìde lọ ṣí i. Kó tó débẹ̀, abẹ ti ya mí lágbọ̀n. Mo wo dígí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́, kò sí ohunkóhun lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi.

Kì í ṣe ọṣẹ. Ìyàwó mi ló ń gbé ọwọ́ mi dúró látọjọ́ yìí.

Inú bí mi, ojú sì tì mí. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Látìgbà tí tíì yín ti ń dà sórí tábìlì."

"O ò sì sọ̀rọ̀!"

"Ṣé ẹ̀yin sọ ọ́?"

Mo fẹ́ ní kí ọlọ́ṣẹ gbé ẹrù rẹ̀ kúrò níwájú mi. Ìyàwó mi nu ẹ̀jẹ̀, ó gba abẹ lọ́wọ́ mi, ó gbá mi lágbọ̀n mú. "Ẹ má mira." Ó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kù, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ti ń rí mi tí mò ń ṣe é láti ọgbọ̀n ọdún. Mi ò mọ ìgbà tí abẹ kàn mí. Mo tún wà lábẹ́ aṣọ funfun wọ̀nyẹn, òun náà wà níbẹ̀.

"A máa rà á," ó sọ fún ọlọ́ṣẹ. "Èmi á máa fá, bàbá yìí á máa pò ó. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n báyẹn, ọṣẹ á hó dáadáa!"

Ẹ̀rín pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, oníbàárà àjèjì kan yọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Wọ́n ní kí n wá béèrè Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀."

Mo gbójú sókè níbi tí mo ti ń po ọṣẹ, mo nawọ́ sí ìyàwó mi.

"Òun nìyẹn. Ẹ jókòó."